Bí Ẹ̀rọ Bá Ṣírò, Ta Ni Yóò Jíhìn?

Àwọn àgbà ìlú Ìlọrin a máa sọ fún àwọn ọmọ wọn pé láti ara òkúta ni orúkọ ìlú wọn ti jáde wá. Wọ́n ní Òjó Ìṣẹ̀kúṣẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, ní òkúta kan tí ó máa ń pọ́n irin rẹ̀ lé lórí, àti pé nítorí irin tí a ń lọ̀ níbẹ̀ ni a ṣe ń pe ibẹ̀ ní Ìlọrin. A kò mú ìtàn yìí wá láti fi kọ́ni ní ìtàn ìlú, ṣùgbọ́n nítorí pé ó bá ọ̀ràn tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò mu. Òkúta a máa pọ́n irin, ṣùgbọ́n òkúta kì í ro oko. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé igi lé orí òkúta náà, tí ó ń lọ̀ ọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, igi kì yóò mú. Títán ni yóò máa tán lọ.

Òkúta titun kan ti dé sí ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní ìlú yìí kan náà. Kọ̀ǹpútà ni, pẹ̀lú àwọn ètò inú rẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń pè ní sọ́fítíwíà. Ní Pólítẹ́kíníìkì ti Ìpínlẹ̀ Kwara, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1973, a ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ ilé kíkọ́ àti ìmọ̀ ìdíyelé iṣẹ́ ilé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Yunifásítì Ìlọrin, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, ń kọ́ni ní ìdíyelé iṣẹ́ ilé. Bí ọ̀dọ́ kan bá parí ẹ̀kọ́ tí ó sì ń wá iṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá, ohun tí wọn yóò tètè bi í ni pé, "Ǹjẹ́ o mọ Microsoft Project? Ǹjẹ́ o mọ Primavera? Ǹjẹ́ o lè fi PlanSwift wọn àwòrán ilé?" Nítorí náà ni a ṣe ń fi àwọn ètò wọ̀nyí kọ́ wọn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ń bẹ lábẹ́ ẹ̀kọ́ yìí tí a kì í sábà bi ara wa. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti ṣírò tán, tí ó sì sọ pé ilé yóò gba ọjọ́ báyìí àti owó báyìí, ta ni ó sọ ọ́? Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò dúró jíhìn?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀ràn náà jẹ́. Ohun méjì ni ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé gbọdọ̀ mọ̀ kí ó tó gbẹ́ ilẹ̀: èwo ni yóò ṣáájú èwo, àti èló ni yóò ná an. Èkíní ni ètò iṣẹ́. Èkejì ni ìdíyelé. Gbogbo ẹni tí ó ti ka Ìhìnrere Lúùkù ni ó mọ òwe ọkùnrin tí ó fẹ́ kọ́ ilé-ìṣọ́ tí kò sì kọ́kọ́ jókòó ka iye tí yóò ná an. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìyà tí ó jẹ ọkùnrin yìí kì í ṣe òfò owó nìkan, bí kò ṣe ẹ̀sín pẹ̀lú. Ìpìlẹ̀ wà nílẹ̀, ilé kò sí lórí rẹ̀, gbogbo ẹni tí ń kọjá sì ń wò ó.

Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa ní ìmọ̀ méjèèjì yìí. Nígbà tí baba ńlá wa bá fẹ́ mọ ilé, kì í kàn gbé ọkọ́ kí ó sì máa walẹ̀. Ó ní láti wo ojú ọjọ́, nítorí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń mọ ilé amọ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá bá ògiri láìsí òrùlé, làálàá di asán. Ó mọ̀ pé a kì í mọ ògiri parí ní ọjọ́ kan: a ó mọ ìpele kan, a ó fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí a tó gbé ìpele kejì lé e. Ẹni tí ó bá kánjú gbé ìpele tútù lé ìpele tútù yóò rí i tí ògiri náà yóò wú bí ikùn aláìsàn. Nígbà tí ògiri sì ń gbẹ, baba náà kò jókòó. Ìgbà náà ni ó ń lọ gé igi àjà, tí ó sì ń pa koríko òrùlé jọ. Bí ó bá bẹ ọ̀wẹ̀, ó ní láti mọ iye ẹni tí yóò wá, ẹni tí yóò pọn omi, ẹni tí yóò po amọ̀, ẹni tí yóò máa ju ìṣù amọ̀ sókè, àti iye oúnjẹ tí yóò tó wọn. Bí ó bá pe ogún ènìyàn ní ọjọ́ tí amọ̀ kò tíì rẹ tó, ogún ènìyàn ni yóò jẹun lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí àwọn ìwé ìmọ̀ titun fi ọ̀rọ̀ ńláńlá sọ nípa ètò iṣẹ́, baba wa ti fi ọ̀wẹ̀ ṣe é.

Níti ìṣirò pẹ̀lú, ọwọ́ wọn kò dilẹ̀. Ogójì owó ẹyọ ni a ń sín di okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe 20,000. Ẹni tí ń ka owó a máa fà á ní márùn-ún márùn-ún, ẹlòmíràn a sì máa wò ó. Ẹ sì wo bí èdè wa tìkára rẹ̀ ti ń ṣírò: ẹni tí ó bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta ti fi hàn pé òun kọ́kọ́ rí àádọ́ta níwájú, kí òun tó yọ márùn-ún kúrò. Ó ti mọ àdúgbò tí iye náà wà kí ó tó mọ ojúlé rẹ̀. Àṣà yìí ni gbòǹgbò ìdíyelé rere: kí ènìyàn ti mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ nǹkan bí iye tí ó yẹ kí ó jẹ́, kí ó tó gba iye tí a sọ fún un.

Ẹ̀yìn èyí ni ẹ̀rọ dé. Láàárín ọdún 1910 sí 1919, Henry Gantt ará Amẹ́ríkà mú kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn mọ àwòrán ètò iṣẹ́ tí a fi ìlà gbọọrọ ṣe, tí orúkọ rẹ̀ ṣì ń bẹ lára irú àwòrán bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ní ọdún 1957, Morgan Walker ti ilé-iṣẹ́ DuPont àti James Kelley ti ilé-iṣẹ́ Remington Rand bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọ̀nà kan tí a fi lè mọ èyí tí kò gba ìdádúró rárá nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ tí ó so mọ́ra. Kọ̀ǹpútà ńlá ni wọ́n fi ṣe ìṣirò rẹ̀. Ní ọdún 1958 ni àwọn ọmọ-ogun ojú omi Amẹ́ríkà ṣe irú rẹ̀ mìíràn fún iṣẹ́ ohun ìjà Polaris. Ní ọdún 1983 a dá ilé-iṣẹ́ Primavera sílẹ̀, ní ọdún 1984 Microsoft Project jáde, ohun tí ó sì ti jẹ́ ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé sórí itan rẹ̀ nínú yàrá.

Nísisìyí èrò méjì ni ó wà láàárín àwa olùkọ́. Àwọn kan wí pé: "Ẹ má fi ẹ̀rọ yìí kọ́ wọn. Àwa fi ọwọ́ ṣírò, àwa fi rúlà fa ìlà, ọpọlọ wa sì gbóná. Àwọn ọmọ òde òní kò lè sọ 7 lọ́nà 8 láìtẹ bọ́tìnì." Àwọn mìíràn, tí ọjọ́ orí wọn kéré, dáhùn pé: "Kí ni a ń fi ọwọ́ ṣe é sí? Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀rọ ń ṣe ní wákàtí méjì. Ẹ kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò fi jẹun." Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, àìtó sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a gbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí a mú ògiri kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó gùn ní mítà 6, ó sì ga ní mítà 3. Ilẹ̀kùn kan wà lára rẹ̀ tí ó fẹ̀ ní mítà 0.9 tí ó sì ga ní mítà 2.1, fèrèsé kan sì wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ mítà 1.2 ní ìbú àti ní òró. Gbogbo ojú ògiri náà jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 18. Ilẹ̀kùn kó 1.89 kúrò, fèrèsé kó 1.44 kúrò, ó ku 14.67. Bí a bá ka búlọ́ọ̀kù 10 sí mítà onígun mẹ́rin kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣẹ́ ti ń ṣe, a ó ní 147. Nítorí èyí tí yóò fọ́ àti èyí tí a ó gé, a ó fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kún un, ó sì di nǹkan bí 154. Kò sí ẹni tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò lè ṣe ìṣirò yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìka akẹ́kọ̀ọ́ ṣì, tí ó tẹ 60 dípò 6. Ẹ̀rọ yóò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé búlọ́ọ̀kù tí ó lé ní 1,850 ni ògiri kan yìí yóò gbà. Kì yóò rẹ́rìn-ín, kì yóò bi í pé ṣé odi ìlú ni ó fẹ́ mọ. Yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé dáradára, yóò fà ìlà sí i nídìí, yóò sì rò ó mọ́ àpapọ̀ owó. Ọmọ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú ògiri bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ogún yóò ta gìrì, nítorí ó ti mọ àdúgbò tí iye náà yẹ kí ó wà. Ọmọ tí kò ṣe é rí yóò tẹ̀ ẹ́ jáde, yóò sì gbé e fún ọ̀gá. Níhìn-ín ni àwọn àgbà ti ní òótọ́: ẹni tí kò bá mọ ìṣirò kò lè mọ ìgbà tí ẹ̀rọ ṣì í.

Ẹ wo ti ètò iṣẹ́ pẹ̀lú. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ni a fẹ́ kọ́. Ìpìlẹ̀ gbígbẹ́ yóò gba ọjọ́ 4, kankéré ìpìlẹ̀ ọjọ́ 3, ògiri ọjọ́ 12, òrùlé ọjọ́ 7. Ọ̀kan kò lè bẹ̀rẹ̀ kí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ tó parí, nítorí náà ọjọ́ 26 ni gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní, gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọjọ́ 15 ni yóò gbà á, a kò sì níí lò wọ́n títí òrùlé yóò fi parí. Nítorí náà gbẹ́nàgbẹ́nà ní ọjọ́ 11 lọ́wọ́. Bí ó bá ṣàìsàn fún ọjọ́ 5, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bí bíríkìlà tí ń mọ ògiri bá sọ ọjọ́ 5 nù, gbogbo iṣẹ́ di ọjọ́ 31. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, a lè fi ọkàn mọ èyí. Bí ó bá di irínwó iṣẹ́ nínú ilé ìwòsàn ńlá kan, kò sí ọkàn ènìyàn tí ó lè gbà á. Ẹ̀rọ yóò ṣe é kí ènìyàn tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Níhìn-ín ni àwọn ọ̀dọ́ ti ní òótọ́, ìgbéraga lásán ni yóò sì mú wa sọ pé kí ènìyàn máa fi ọwọ́ ṣe ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe jù ú lọ.

Kì í ṣe kíá nìkan ni ẹ̀rọ fi ràn wá lọ́wọ́, ó ń ran òtítọ́ pẹ̀lú lọ́wọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ yí bí a ti ń pààrọ̀ náírà padà, iye owó ọjà sì fò sókè. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìjọba àti àwọn tí ń ṣe sìmẹ́ńtì jókòó, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé kí àpò kan máa jẹ́ láàárín 7,000 náírà sí 8,000 náírà. Kí a sọ pé iṣẹ́ kan gba 200 àpò, tí a sì ti kọ 5,000 náírà sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀: 1,000,000 náírà nìyẹn. Bí ó bá di 8,000, 1,600,000 náírà ni. Ẹni tí ó fi ọwọ́ kọ gbogbo ìwé ìdíyelé rẹ̀ yóò ní láti tún un kọ láti ojú ewé dé ojú ewé, agara yóò sì dá a, ìdánwò yóò sì wọ inú rẹ̀ pé kí ó fi iye àtijọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó lo ẹ̀rọ yóò yí ibi kan ṣoṣo padà, gbogbo ìyókù yóò sì tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì yóò yí i padà fúnra rẹ̀. Kò mọ ọjà. Iye tí a fi sínú rẹ̀ ní èṣí ni yóò máa sọ ní ọdún yìí, ohùn rẹ̀ kò sì níí wárìrì. Bẹ́ẹ̀ ni kò mọ Ìlọrin. Bí a bá ṣí Microsoft Project láìtún un ṣe, ohun tí ó gbà gbọ́ ni pé iṣẹ́ wà láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, àti pé Àbámẹ́ta àti Ọjọ́ Ìsinmi kò sí iṣẹ́. Kò mọ̀ pé ní Ìlọrin a máa ń ṣiṣẹ́ ní Àbámẹ́ta, àti pé ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ yóò gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀ lọ kí ìrun Jímọ̀. Kò mọ oṣù ààwẹ̀ tí agbára ń dín kù nígbà tí oòrùn bá mú, kò mọ Iléyá, kò mọ̀ pé láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá òjò lè sọ kòtò ìpìlẹ̀ di adágún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá kọ nǹkan wọ̀nyí sínú rẹ̀ ti ṣe ètò fún ìlú kan tí kò sí lórí ilẹ̀ ayé.

Nísisìyí a lè padà sí ìbéèrè wa: ta ni yóò jíhìn? Ní èrò tiwa, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń ba ìdíyelé jẹ́, a kò sì gbọdọ̀ dà wọ́n pọ̀: àṣìṣe, àìbìkítà, àti ẹ̀tàn. Àṣìṣe ni kí ènìyàn ka mẹ́fà kí ó sì kọ mẹ́sàn-án, bí ó tilẹ̀ ń ṣọ́ra. Ẹ̀rọ lè mú púpọ̀ nínú èyí kúrò. Àìbìkítà ni kí a mọ̀ pé ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a má sì yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí ni ẹ̀rọ ń fi kún, nítorí ó ń fún ọ̀lẹ ní ibi ìfarapamọ́, yóò wí pé, "Kọ̀ǹpútà ni ó sọ bẹ́ẹ̀." Ẹ̀tàn ni kí a mọ òtítọ́ kí a sì kọ irọ́. Ẹ̀rọ kò lè wo èyí sàn rárá. Ó kàn ń fún irọ́ ní aṣọ tí ó dára ju aṣọ òtítọ́ lọ ni. Irọ́ tí a fi pẹ́ńsù kọ a máa ti ni lójú. Irọ́ tí a tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìlà aláwọ̀ mẹ́rin dàbí ọba lórí ìtẹ́.

Ìdíyelé kì í ṣe ìṣirò lásán. Ìlérí ni. Nígbà tí opó kan tí ń tajà ní Ọjà Ọba bá kó owó tí ó fi ogún ọdún pamọ́ sílẹ̀, tí ó sì bi ọ̀dọ́ tí ó kàwé pé, "Ọmọ mi, èló ni yóò gbé ilé yìí dé òrùlé?" kì í ṣe nọ́ńbà ni ó ń tọrọ. Ó ń béèrè bóyá òun lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí ọ̀dọ́ náà bá dá iye tí ó kéré kí iṣẹ́ baà lè bọ́ sí i lọ́wọ́, ó ti ta obìnrin náà. Ọ̀nà méjì ni ó kù lẹ́yìn náà. Yálà kí ilé náà dúró ní ìdajì, kí ewéko sì máa hù nínú rẹ̀. Tàbí kí a fi ẹ̀tàn parí rẹ̀, kí kankéré tí ó yẹ kí ó gba òṣùwọ̀n sìmẹ́ńtì 1 sí iyanrìn 2 sí òkúta 4 gba iyanrìn púpọ̀ sí i, kí irin tí ó yẹ kí ó nípọn di tín-ín-rín. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ìyà yìí kò mọ ní ilé opó. Ní ọdún 2011, ìgbìmọ̀ tí ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí yàn láti wo iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ka 11,886 iṣẹ́ tí a pa tì. Kì í ṣe ìdíyelé búburú nìkan ni ó bí gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹ ro iye ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ̀nà tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 kan tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí, ní Èkó, wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó ju ogójì lọ. Oríṣìíríṣìí ni àṣìṣe tí ń wó ilé, a kò sì ka ẹ̀bi kan sí ìdíyelé níhìn-ín. A mú un wá kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀ pé lẹ́yìn gbogbo nọ́ńbà tí ó tẹ̀ ènìyàn ẹlẹ́ran ara ń bẹ, tí yóò gun orí ohun tí ó ti ṣírò, tí yóò sì sùn lábẹ́ rẹ̀.

Ẹnì kan lè wí pé: "Ta ni ó lè mọ ọ̀la? Ẹni tí ó bá díyelé ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí oṣù kẹfà yóò mú wá?" Ìbéèrè tòótọ́ ni èyí. A kò béèrè pé kí oníṣẹ́ jẹ́ wòlíì. Ohun tí a béèrè ni pé kí ó sọ ohun tí ó mọ̀, kí ó sọ ọjọ́ tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó sì fi ohun tí ó fi kún un nítorí àìròtẹ́lẹ̀ hàn ní gbangba. Ẹni tí ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé pé, "Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún yìí wà fún ohun tí a kò rí tẹ́lẹ̀," olóòótọ́ ni. Ẹni tí ó fi owó kan náà pamọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú sìmẹ́ńtì, sínú irin, sínú iyanrìn, kí onílé má baà rí i, olè ni, bí iye méjèèjì tilẹ̀ dọ́gba. Ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ wọn, nítorí àpapọ̀ kan náà ni ó rí. Ẹ̀rí ọkàn nìkan ni ó mọ̀ ọ́n.

Bí a ti ń sọ̀rọ̀ olè, a kò gbọdọ̀ dá ara wa sí. Owó àwọn ètò kan nínú ìwọ̀nyí ga jù fún ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, nítorí náà a máa ń gbọ́ pé a dà wọ́n kọ láìgbàṣẹ, a sì fi wọ́n kọ́ àwọn ọmọ. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2022 lórí ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ọpọlọ ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ ohun tí ó dáàbò bò. Ẹ rò ó wò ná: olùkọ́ dúró níwájú kíláàsì, ó ń kọ́ wọn pé kí wọ́n má fi owó pamọ́ sínú ìdíyelé, ohun tí ó sì fi ń kọ́ wọn, jíjí ni a jí i. Ẹ̀kọ́ wo ni àwọn ọmọ náà yóò rántí? A mọ̀ pé àìní wà, iná mànàmáná kò sì dúró, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. ProjectLibre, tí ó jáde ní ọdún 2012, wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ètò iṣẹ́. LibreOffice Calc wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìṣirò. Ilé-iṣẹ́ Autodesk ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ lo ètò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá mọ ìdí tí ìlà kan fi tẹ̀lé òmíràn nínú ProjectLibre kò ní í pẹ́ kí ó tó mọ Primavera.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí a kọ́ wọn nígbà náà? Àwa yóò dá a lábàá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ díyelé ilé kékeré kan, kí ó sì fi pẹ́ńsù fa ètò iṣẹ́ rẹ̀ sórí ìwé, kí a tó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Kí ó tó tẹ bọ́tìnì, kí ó kọ iye tí ó rò pé yóò jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Bí tirẹ̀ àti ti ẹ̀rọ bá jìnnà síra, kí ó wá ìdí rẹ̀ kí ó tó dìde. Kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá àwọn tí ń ta sìmẹ́ńtì àti irin, kí ó kọ iye owó àti ọjọ́ tí ó béèrè. Kí ó jókòó ti bíríkìlà kan láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ó ka iye búlọ́ọ̀kù tí ó tò nínú oòrùn Ìlọrin, kí ó má sì gbára lé iye tí ìwé ilẹ̀ òtútù sọ. Àkókò tí a fi ń rán wọn lọ ṣe iṣẹ́ níta jẹ́ àǹfààní ńlá fún èyí. Ní ìkẹyìn, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gbogbo ìdíyelé tí ó bá ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ti ìdánwò, kí ó lè mọ̀ láti kékeré pé orúkọ ènìyàn ni ó ń wà níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, a kò gbọdọ̀ bẹ̀rù òkúta titun yìí, a kò sì gbọdọ̀ bọ ọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́ ẹ̀rọ náà dáradára, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ará ilẹ̀ mìíràn fi í tayọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ irin. Ìṣirò tí ó dá ṣáká lọ́kàn, ẹsẹ̀ tí kò kọ ọjà àti oko iṣẹ́, ẹnu tí kò lè sọ iye tí kò gbà gbọ́: àwọn ni irin tí òkúta yìí lè pọ́n. Ní ọjọ́ tí onílé bá dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí ó sì béèrè pé, "Ta ni ó sọ pé owó yìí yóò tó?" kí ẹ má ṣe nàka sí kọ̀ǹpútà. Ẹ dìde, kí ẹ sì wí pé, "Èmi ni."